Òfin tí Tóyọ̀sí Kọ̀ Láti Kọ

Ọ̀já ìpọnmọ ni ọkùnrin náà fi pọn kọ̀ǹpútà. Orí ọ̀kadà ló wà, òjò sì rọ̀ lé e lórí láti Igbotako títí dé Òde-Ayé. Ó ti fi ọ̀rá dúdú wé kọ̀ǹpútà náà tán, ó wá fi ọ̀já aláró gbà á mọ́ ẹ̀yìn gírígírí, bí ìyá ọlọ́mọ tó ń lọ gba abẹ́rẹ́ àjẹsára. Ara tirẹ̀ tutù rinrin, ó ń gbọ̀n. Àwọn obìnrin tó ń yan gàrí lábẹ́ àtíbàbà ẹ̀gbẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì bú sẹ́rìn-ín, ọ̀kan sì béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ bóyá akọ ni àbí abo. Ó ní akọ ni, ṣùgbọ́n àwọn kò tíì sọ ọ́ lórúkọ.

Tóyọ̀sí ń wò ó láti ojú fèrèsé ọ́fíìsì ìjọ. Ẹ má rò pé ọmọ tí ọkùnrin ń tètè kó sí lórí ni o. Olúwatóyọ̀sí Àjíṣafẹ́ ti pé ọmọ ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n, òun ni akọ̀wé Ìjọ Aládùúrà Orísun Àánú, bàbá rẹ̀ ni Ajíhìnrere tó ń darí ìjọ náà, ó sì ti dá ọkùnrin mẹ́ta padà láìwẹ̀yìn. Ṣùgbọ́n nígbà tí eléyìí dé ẹnu géètì, ó bọ́ bàtà rẹ̀ sílẹ̀ bí àwọn aládùúrà ti máa ń ṣe, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni sọ fún un. Ó ń fi ẹsẹ̀ lásán rìn bọ̀ nínú ẹrẹ̀, ó sì ń kí àwọn ìyá tó ń yan gàrí lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọkàn Tóyọ̀sí fò fẹ̀rẹ̀. Inú bí i sí ọkàn náà.

"Ẹ káàbọ̀, Bàbá Ìkókó," ló wí fún un lẹ́nu ọ̀nà.

"Ẹ ṣé, Akọ̀wé. Ẹ bá mi sọ ọmọ kalẹ̀. Ẹ rọra o, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ sùn ni."

Dominic Ọlápàdé ni orúkọ rẹ̀. Ó ní ṣọ́ọ̀bù kékeré kan ní Igbotako níbi tó ti ń tún kọ̀ǹpútà ṣe. Ìyá rẹ̀ tó ti dolóògbé ló ni ọ̀já yẹn, òun náà ni wọ́n fi pọ̀n ọ́n dàgbà, ó sì ní òun kò rí okùn kankan tí òun lè fọkàn tán jù ú lọ.

Kì í ṣe kọ̀ǹpútà ìjọ tó bàjẹ́, tí ó tún ṣe tí ó ń dá padà, nìkan ló gbé e wá. Ojoojúmọ́ ni lẹ́tà ẹlẹ́tàn ń wọ́ wọ inú ímeèlì ìjọ. Èyí á ní ọmọ òrukàn kan fẹ́ fún wọn ní wúrà, tọ̀hún á ní wọ́n ti jẹ ẹ̀bùn ìdíje tí wọn kò bá ẹnikẹ́ni du. Oṣù méjì ṣáájú, Màmá Salome, ìyá Tóyọ̀sí, tó ń fún epo pupa, gba ọ̀kan gbọ́. Lẹ́tà náà bẹ̀rẹ̀ pé "Olùfẹ́ nínú Krístì", ó gbàdúrà ní ìlà mẹ́fà, ó wá ní kí ó fi ọrẹ ìkọ́lé ránṣẹ́ kíákíá sí àpò owó tuntun kan. Gbogbo èrè epo ọdún kan ló bá ọ̀nà náà lọ.

"Ẹni tó lù mí ní gbájúẹ̀ gbàdúrà fún mi dáadáa," ni Màmá máa ń wí. "Mo tilẹ̀ ń ṣe àmín."

Dominic ka lẹ́tà ọ̀hún, inú rẹ̀ ru. Ó ní òun á fi asẹ́ sẹ́nu ọ̀nà ímeèlì ìjọ, bí àwọn ìyá ìta yẹn ti ń sẹ́ gàrí, kí èèrí má baà wọlé. Ó kọ òfin kan fún asẹ́ náà: lẹ́tà yòówù tó bá ti ní "Olùfẹ́ nínú Krístì" nínú, kó lọ sínú àpótí pàǹtírí. Ó béèrè lọ́wọ́ Tóyọ̀sí bóyá kí ó rí bẹ́ẹ̀. Tóyọ̀sí rántí omijé ìyá rẹ̀, ó ní kó rí bẹ́ẹ̀, ó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ tẹ bọ́tìnì. Ẹ bá mi fi èyí sọ́kàn o, ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi tẹ̀ ẹ́. Inú ló ń bí àwọn méjèèjì. Ẹni tí inú ń bí kì í rántí pé bí olè ṣe ń kíni náà ni ọmọlúàbí ṣe ń kíni.

Láti ọjọ́ náà, kò sí Ọjọ́bọ̀ kan tí Dominic kò wá sí Òde-Ayé. Lọ́sẹ̀ kan, ó ní òun fẹ́ wo wáyà. Lọ́sẹ̀ kejì, ó ní eruku ti pọ̀ jù. Lọ́sẹ̀ kẹta, ó gbé àgbàdo sísè àti àgbọn wá, kò sì dárúkọ kọ̀ǹpútà rárá. Wọ́n á jókòó sẹ́nu ọ̀nà ọ́fíìsì, òun á máa kọ́ Tóyọ̀sí ní iṣẹ́ asẹ́, Tóyọ̀sí á sì máa fi orin ìjọ rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́, torí ìjọ Àgùdà ni Dominic ń lọ, kò sì mọ àtẹ́wọ́ aládùúrà pa. Ọjọ́ tí kò bá wá, gàrí tí Tóyọ̀sí ń mu kì í dùn. Kò fi pamọ́ fún ara rẹ̀, ó mọ̀ pé ọkùnrin náà ti kó sí òun lórí.

"Ṣé kọ̀ǹpútà wa tiẹ̀ ní ìṣòro kankan?" ló bi í lọ́jọ́ kan.

"Kò ní. Láti oṣù tó kọjá ni kò ti ní. Èmi ni mo níṣòro." Dominic wò ó lójú. "Tóyọ̀sí, mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń gba ọ̀nà gígùn sọ ọ́. Mo nífẹ̀ẹ́ rẹ. Bí mo bá ti ń rí òrùlé ṣọ́ọ̀ṣì yín lókèèrè, ara á tù mí."

Tóyọ̀sí rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. "Èmi náà nífẹ̀ẹ́ rẹ, Bàbá Ìkókó. Má jẹ́ ká máa yọ́ ọ ṣe. Wá bá Bàbá sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ Àìkú."

Ọjọ́ Àìkú yẹn kò rí bí wọ́n ti rò. Ní Ọjọ́ Àbámẹ́ta tó ṣáájú rẹ̀, òjíṣẹ́ Ọlọ́run kan láti Òkìtìpupa pe Bàbá lórí fóònù, ó ní kí ló dé tí kò fi wá. Bàbá ní kí òun wá síbo. Ọ̀rọ̀ bá hù. Ọdún méjìlélógún ni Bàbá ti wà ní ipò Ajíhìnrere. Lọ́dún yìí ni olú ìjọ tó wà ní Oǹdó wá pè é pé kó wá gba òróró, kó di Àpọ́sítélì. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni lẹ́tà ìpè náà fi wà nínú àpótí pàǹtírí. Ọjọ́ ti kọjá. Bí lẹ́tà náà ṣe bẹ̀rẹ̀ ni: "Olùfẹ́ nínú Krístì."

Bàbá kò pariwo. Ó ní kí wọ́n tẹ lẹ́tà náà sórí ìwé fún òun, ó kà á lẹ́ẹ̀mẹta, ó ká a, ó fi í sínú Bíbélì. Ì bá sàn fún Tóyọ̀sí bí ó bá pariwo.

Lẹ́yìn ìsìn lọ́jọ́ kejì, níwájú àwọn àgbà ìjọ, Dominic dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Ó ní òun lòun kọ òfin náà, àmì kan ṣoṣo lòun fi dá ẹjọ́, òun sì mọ ohun tí òun bàjẹ́. Kò dárúkọ Tóyọ̀sí rárá. "Ẹni tó bímọ ọ̀ràn ló ń pọ̀n ọ́n," ló wí. "Bàbá mi, ẹ foríjì mí."

Tóyọ̀sí dìde láàárín àwọn obìnrin.

"Èmi àti ẹ̀ la jọ bí i," ló wí.

Àwọn ìyá ìjọ ṣíjú wo ikùn rẹ̀. Tóyọ̀sí kò tilẹ̀ rí wọn.

"Ó béèrè lọ́wọ́ mi, mo ní kó rí bẹ́ẹ̀. Èmi ni mo tẹ bọ́tìnì. Bí ẹ bá máa lé e, ẹ lé èmi náà."

Bàbá kò wo ojú ọmọ rẹ̀. Ó sọ fún Dominic pé kò gbọdọ̀ fẹsẹ̀ tẹ ọgbà ìjọ náà mọ́, àti pé ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó tí Salome ti ń fọ̀ sí òun létí, òun kò gbọ́ ọ, òun kò sì ní í gbọ́ ọ.

Àárọ̀ Ọjọ́ Ajé ni ìjà gan-an bẹ̀rẹ̀. Dominic ti fi lẹ́tà ìtọrọ-àforíjì ránṣẹ́ sí ímeèlì ìjọ. Bàbá rí i, ó pe Tóyọ̀sí, ó ní kó kọ òfin tuntun fún asẹ́ náà, pé ohunkóhun tó bá ti ọ̀dọ̀ ọmọ Igbotako yẹn wá, kó máa lọ sínú pàǹtírí.

"Mi ò ní kọ ọ́, Bàbá."

"Kí lo wí?"

"Mo ní mi ò ní kọ ọ́. Ẹ lè gba kọ́kọ́rọ́ ọ́fíìsì lọ́wọ́ mi. Ẹ lè ní kí n má jókòó níwájú mọ́ nínú ìsìn. Ti àkọ́kọ́ yẹn, àṣìṣe ni. Tí mo bá ṣe èyí, mo mọ̀-ọ́n-mọ̀ ṣe é ni, mi ò sì ní mọ̀-ọ́n-mọ̀ ju ọmọlúàbí sí ààtàn."

Kò sí ẹni tó ti bá Ajíhìnrere Àjíṣafẹ́ sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ rí nínú ilé rẹ̀. Orí ìkúnlẹ̀ ni Tóyọ̀sí wà tó fi sọ ọ́ o, nítorí wọ́n kọ́ ọ nílé, ṣùgbọ́n ó sọ ọ́. Bàbá ní kó jáde. Ó jáde. Kò sunkún títí ó fi dé ìdí ẹ̀rọ ìfúnpo ìyá rẹ̀, ibẹ̀ ló ti wá sunkún dáadáa.

Ẹ gbọ́, àwọn ọmọ mìíràn á máa yọ́ jáde lọ bá olólùfẹ́ wọn. Tóyọ̀sí kò yọ́ lọ síbì kankan. Gbogbo Ọjọ́bọ̀ ni yóò wẹ̀, tí yóò wọ aṣọ tó dára, tí yóò lọ kúnlẹ̀ níwájú Bàbá ní ọ̀sán gangan. "Ẹ kúu jókòó, Bàbá. Mò ń lọ rí Dominic ní Igbotako. Màá dé kí ilẹ̀ tó ṣú." Bàbá á ṣí Bíbélì rẹ̀, á máa kà á. Tóyọ̀sí á dìde, á lọ gun ọ̀kadà.

Ní ṣọ́ọ̀bù yẹn, wọ́n jọ kọ lẹ́tà sí olú ìjọ, wọ́n jẹ́wọ́ pé ẹ̀bi àwọn ni, pé Bàbá kò fojú kan ìpè náà rárá. Àwọn méjèèjì ló fọwọ́ sí i. Ibẹ̀ náà ni wọ́n ti tún òfin asẹ́ ṣe. Lọ́tẹ̀ yìí, wọ́n kó àmì jọ ni. Bí ẹni tó kọ lẹ́tà kò bá sí lára àwọn tí ìjọ mọ̀, tó bá tún ń béèrè owó, tó bá sì ń kánjú pé kó tó dọ̀la, àfi tí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá pé kí asẹ́ tó jù ú sí pàǹtírí. Bí ó bá jẹ́ méjì, kó dúró lẹ́nu ọ̀nà kí Tóyọ̀sí wá wò ó. Bí ó bá jẹ́ ọ̀kan péré, kó wọlé. Lẹ́tà olú ìjọ ní tirẹ̀, ìbáà gbàdúrà ní ogún ìlà, kó wọlé.

"Òfin tó bá wà lókè ló ń kọ́kọ́ ṣiṣẹ́," ni Dominic kọ́ ọ. "Máa yẹ pàǹtírí wò láràárọ̀ kí o tó dà á nù. Asẹ́ náà lè ṣàṣìṣe."

Tóyọ̀sí kọ gbogbo rẹ̀ sórí ìwé, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri ọ́fíìsì.

Ìwé orí ògiri yẹn ni Bàbá rí. Nígbà tí ọmọ rẹ̀ kọ̀, òun fúnra rẹ̀ jókòó ti kọ̀ǹpútà ní ọ̀sán kan, ó fi jígí sójú, ó ń fi ìka kan tẹ̀ ẹ́ tó-tó-tó. Kò mọ bí wọ́n ṣe ń dí àdírẹ́sì ènìyàn, ti ọ̀rọ̀ nìkan ló yé e. Lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ sì ni lẹ́tà Dominic ń wọlé, gbogbo wọn ló ń sọ pé "ẹ foríjì mí". Nítorí náà, Bàbá kọ òfin tirẹ̀: lẹ́tà tó bá ti ní "ẹ foríjì" nínú, kó lọ sínú pàǹtírí. Ó wá fi í sókè pátápátá, lórí gbogbo òfin yòókù. Bàbá kì í jókòó sẹ́yìn níbì kankan.

Tóyọ̀sí rí i lọ́jọ́ kejì. Ó lọ bá a, ó ní, "Bàbá, àmì kan ṣoṣo ni ẹ fi dá ẹjọ́. Ohun tí àwa náà ṣe nìyẹn." Bàbá ní àmì kan yẹn tó òun. Tóyọ̀sí kò pa òfin náà rẹ́, nítorí Bàbá ló ni ìjọ. Ṣùgbọ́n lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ló ń yọ lẹ́tà Dominic jáde láti inú pàǹtírí, tó ń tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé, tó ń gbé e sórí tábìlì Bàbá. Lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ni Bàbá sì ń fi Bíbélì bò ó.

Ní àárọ̀ Ọjọ́rú kan, ohun tí Tóyọ̀sí rí nínú pàǹtírí kì í ṣe ti Dominic. Olú ìjọ ló kọ ọ́. "Olùfẹ́ nínú Krístì, ẹ foríjì wa pé èsì wa pẹ́. A ti rí lẹ́tà ọmọ yín àti ti Ọ̀gbẹ́ni Ọlápàdé, a sì ti gba ìjẹ́wọ́ wọn. A ó fi òróró yàn yín ní Òkìtìpupa lọ́jọ́ Àìkú tó ń bọ̀. Ẹ fèsì kó tó di ọ̀sán Ọjọ́ Ẹtì. Bí a kò bá gbúròó yín, ẹlòmíràn ni a ó yàn sí ipò náà." Wọn kì í pe ènìyàn lórí fóònù nítorí ọ̀rọ̀ oyè. Ìwé ni wọ́n ń kọ.

Tóyọ̀sí tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé. Ìyá rẹ̀ ló kọ́kọ́ fi í hàn. Màmá Salome kà á, ó pàtẹ́wọ́, ó wá rẹ ohùn sílẹ̀. Ó ní kí Tóyọ̀sí má tíì gbé e fún Bàbá, kó kọ́kọ́ wádìí lọ́wọ́ rẹ̀ bóyá yóò fọwọ́ sí ọ̀rọ̀ Dominic. Ó ní irú àyè báyìí kì í ṣí lẹ́ẹ̀mejì.

"Rárá, Màmá," ni Tóyọ̀sí wí. "Mi ò ní fi oyè bàbá mi ra ọkọ."

Ó gbé lẹ́tà náà tọ Bàbá lọ. Bàbá fi jígí sójú, ó kà á. Ó tún un kà.

"Ibo lo ti rí i?"

"Nínú pàǹtírí."

"Ta ló..." Bàbá kò parí rẹ̀. Bí àgbà bá ṣubú, ẹ̀yìn ló ń wò. Bàbá wo ẹ̀yìn, ó rí òfin ara rẹ̀ lókè pátápátá.

"Ẹ ò fẹ́ gbọ́ 'ẹ foríjì' lẹ́nu ẹnì kan, Bàbá, ẹ wá di etí sí ti gbogbo ayé." Orí ìkúnlẹ̀ ni Tóyọ̀sí wà, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ kò gbọ̀n. "Mi ò mú un wá láti fi tọrọ nǹkan kan. Ẹ di Àpọ́sítélì, ẹ má di Àpọ́sítélì, Dominic ni màá fẹ́. Mi ò ní bá a sá lọ, mi ò sì ní gba ẹ̀yìnkùlé wọ ilé ọkọ. Ẹnu géètì yìí ni ẹ ó ti fà mí lé e lọ́wọ́. Bí ó bá gba ọdún mẹ́wàá, màá máa béèrè lọ́wọ́ yín lọ́dọọdún."

Bàbá bọ́ jígí ojú rẹ̀, ó ń fi etí aṣọ nù ún, ó ń nù ún. Ó wá gbé Bíbélì kúrò lórí tábìlì. Lẹ́tà Dominic mọ́kànlá ló wà lábẹ́ rẹ̀. Gbogbo wọn ló ti ṣí, gbogbo wọn ló ti kà.

"Mo ń kà wọ́n," ló wí. "Ọkàn mi ló le." Ó fa àga kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara rẹ̀. "Dìde ńlẹ̀, ọmọ mi. Wá jókòó. Ká kọ́kọ́ fèsì fún Oǹdó. Lẹ́yìn náà, kí o kọ́ mi ní èyí tí wọ́n ń kó àmì jọ yẹn."

Wọ́n fèsì lọ́jọ́ náà. Bàbá pa òfin rẹ̀ rẹ́ fúnra rẹ̀, ó sì fi ìka kan tẹ òmíràn, ó ń dá sọ̀rọ̀ bó ti ń tẹ̀ ẹ́. Bí Dominic Ọlápàdé bá wá. Bí àwọn ẹbí rẹ̀ bá wà lẹ́yìn rẹ̀. Nígbà tó kan ìkẹta, ó fi ọwọ́ bo ojú kọ̀ǹpútà, ó ní ìyẹn kù sí òun lọ́wọ́, pé bí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá pé, kó wọlé. Ó mọ̀ pé asẹ́ kò lè ka irú òfin bẹ́ẹ̀. Ó tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé, ó fi í sínú Bíbélì, níbi tí lẹ́tà àkọ́kọ́ wà tẹ́lẹ̀.

Wọ́n fi òróró yan Bàbá ní Òkìtìpupa. Dominic wà níbẹ̀, ẹ̀yìn pátápátá ló dúró sí, àtẹ́wọ́ rẹ̀ kò bá ti ẹnikẹ́ni mu.

Ní Ọjọ́ Àbámẹ́ta kejì lẹ́yìn ìyẹn, ọkọ̀ méjì dúró sẹ́nu géètì ìjọ ní Òde-Ayé. Dominic ló kọ́kọ́ bọ́ọ́lẹ̀. Bàbá rẹ̀, àwọn àǹtí rẹ̀ àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tẹ̀ lé e, wọ́n gbé iṣu àti epo dání. Ọ̀já aláró yẹn wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ti fọ̀ ọ́, ó ti ká a dáadáa, ó ní ti ìyàwó òun ni. Àwọn ìyá tó ń yan gàrí fi igbá sílẹ̀, wọ́n dìde dúró.

Géètì wà ní títì. Bàbá dúró sínú ọgbà nínú sùtánà funfun rẹ̀, ìwé kan wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Dominic Ọlápàdé, ṣé ìwọ nìyí?"

"Èmi ni, Bàbá."

"Ẹbí rẹ ńkọ́?"

"Wọ́n wà lẹ́yìn mi, Bàbá."

Bàbá wo ìwé náà, ó wá yíjú sí Tóyọ̀sí tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá rẹ̀.

"Ó ku ọ̀kan. Mo kọ ọ́ síbí pé, bí ọmọ mi fúnra rẹ̀ bá fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé òun fẹ́ ẹ. Olúwatóyọ̀sí, kí lo wí?"

Tóyọ̀sí gbé ojú sókè. Kò tijú, kò rẹ ohùn sílẹ̀. Gbogbo ìta ìjọ ló gbọ́ ọ.

"Mo ti sọ ọ́ láti oṣù mẹ́ta sẹ́yìn, Bàbá. Inú pàǹtírí ni ẹ jù ú sí."

Bàbá rẹ́rìn-ín títí ejìká rẹ̀ fi ń mì. Ó yọ kọ́kọ́rọ́ láti inú àpò, ó ṣí géètì, Dominic sì bẹ̀rẹ̀ láti bọ́ bàtà rẹ̀.